Lẹ́tà Tí Mo Kọ Lábẹ́ Òkè Oníná

Ife tíì ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà lórí tábìlì, n kò fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó sì ń rìn. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ yọ́ kúrò ní ìpàdé ẹbí, ó dúró bí ẹni tó ń rò ó wò, ó wá jábọ́. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé àga tí mo jókòó lé náà ń mì, pé ilẹ̀ gan-an ló ń mì, àti pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jókòó kọjú sí mi kò wo ife rárá. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," wọ́n ní.

"Kí ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Òkè ni."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà níta kí n tó rántí pé orí erékùṣù ni mo wà, pé kò sí ibi tí mo lè sá dé tí omi kò ní í dá mi dúró.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi kì í ṣe akíkanjú. Bẹyẹrúnká ni agboolé wa wà n'Íbàdàn, oríkì wa kún fún idà àti ọfà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́. Abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí nìkan ni irin tí mo lè mú lọ́wọ́ tí àyà mi kò ní í já. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tí mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀ lókèèrè láti Ọjà'ba, màá dúró dè é kó kọjá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé wa rán gba orí òkun.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ kí ogun òyìnbó ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá àwọn oníṣẹ́ oko kòkó lọ sí erékùṣù àwọn òyìnbó Sípéènì tó wà lójú òkun, ní ìkọjá Kàlàbá, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní Panyá, wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí òmìnira orílẹ̀-èdè wa kù bí ọdún kan tàbí méjì, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ẹnì kan nínú ẹbí kí ojú àwọn tó pa dé. Àwọn àgbà wo ojú ara wọn. Wọ́n ní èmi ni mo ka ìwé mẹ́fà, èmi ni mo lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú omi. Mo ní mo lè dúró sétí omi kí n kà á fún ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Òkè tí mo mọ̀ kí n tó dé Panyá ni òkè Màpó, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ jókòó lé e lórí bí adìyẹ tó ń sàba. Òkè tèmi nìyẹn, òkè tí èèyàn lè gùn kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun ọ̀sán. Òkè Panyá kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ wà nínú ìkùukùu, ìdí rẹ̀ wà nínú òkun, ilẹ̀ tó yí i ká sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn òkúta ibẹ̀ ní ihò káàkiri ara bí àkàrà tó wú jù, wọ́n sì fúyẹ́ ju bó ti yẹ kí òkúta fúyẹ́ lọ. Mo mú ọ̀kan sínú àpò mi láti fi han àwọn ará ilé. Ìyẹn nìkan ni ohun tó gbọ́n tí mo ṣe níbẹ̀.

Èbúté wọn rí roboto, bí ẹni pé eyín ńlá kan bu ilẹ̀ jẹ létí òkun. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni, pé omi ló wọlé sínú rẹ̀.

"Inú ìkòkò ni gbogbo wa ń gbé," wọ́n ní. "Wọn ò tíì dáná ni."

Mo béèrè bóyá ó dájú pé wọn ò ní í dáná. Wọ́n fi igi ọwọ́ wọn nàka sí òdìkejì omi. Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí òkè mìíràn lókèèrè, ní Kamerúùnù, tó tóbi débi pé mo kọ́kọ́ rò pé àwọsánmà ni. "Ìyẹn kì í sùn," wọ́n ní. "Tiwa yìí ń tòògbé ni. Bí ìyẹn bá pè é, á dáhùn."

Ní etí èbúté yẹn, wọ́n fi ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìbọn ńlá hàn mí. Kókò ti hù kún inú rẹ̀, ewúrẹ́ kan sì so mọ́ ibi tí ẹnu ìbọn ń kọjú sí. Wọ́n ní nígbà ogun, àwọn òyìnbó Sípéènì sọ pé àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí náà ọkọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ti àwọn ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì wá fara pamọ́ sínú èbúté náà, wọ́n fi ṣéènì so wọ́n mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan pe àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀nyẹn síbi oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ọkọ̀ kékeré méjì yọ́ wọlé, wọ́n já ṣéènì, wọ́n fa ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

"Nígbà tí wọ́n jẹun tán," ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "kò sí ọkọ̀. Wọ́n ń wo omi, omi ń wò wọ́n."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ṣọ́ géètì. Géètì kò lọ síbì kankan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, "Ogun kò ju ìyẹn lọ, ọmọ àbúrò mi. Kí o gé nǹkan kúrò lára nǹkan, kí olóhun má mọ̀ títí yóò fi jẹun tán. Ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, ó yẹ kó yé ọ."

N kò mọ̀ bóyá ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, tàbí wọ́n rí nǹkan lójú mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó yé mi jù. Nínú iṣẹ́ wa nígbà náà, bí èèyàn bá kó aṣọ wá fún agbádá, ohun tó bá ṣẹ́kù kì í sábà bá agbádá padà sílé. Bí oníbàárà bá béèrè, a ó ní aṣọ náà sún kì nígbà tí a wọ́n omi sí i. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi ń mú ti àlejò. Èmi, nítorí ìbẹ̀rù, n kò lè mú ti àlejò, torí àlejò lè pariwo. Ti àwọn ará ilé wa ni mò ń mú. Láàárín ọdún mẹ́wàá, mo ti rán àwọn àgékù náà pọ̀ di aṣọ ìbora kan fún ibùsùn mi, alábùlẹ̀, tó lẹ́wà débi pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn kí n tó tẹ́ ẹ.

Nígbà tí ife tíì wá jábọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án mi ní Panyá, gbogbo àgékù náà ni mo rántí kí n tó rántí kálímà.

Mo padà wọlé, mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí ni a ó ṣe. Wọ́n ń ṣa ife tó fọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń mì," wọ́n ní. "Ti àkọ́kọ́, ó ń kí wa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ń dágbére. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó tíì ṣẹ́kù láti sọ bó ṣe rí."

Ní ọ̀sán, ó tún mì. Èéfín ti ń yọ lókè Kamerúùnù, pupa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo mú bébà, mo jókòó sílẹ̀ nítorí n kò gbọ́kàn lé àga mọ́, mo sì kọ lẹ́tà sílé. Mo kọ ọ́ pé òkè ti mì lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ku ẹyọ kan, pé nígbà tí wọ́n bá fi ka ìwé yìí èmi ti lọ, kí wọ́n foríjì mí. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Sányán Baálé ilé wa, tí mo gé ìbú ọwọ́ méjì nínú rẹ̀. Aṣọ ìró Ìyá àgbà. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí dé orí ẹtù bàbá ìyàwó mi. Ìyẹn ló burú jù. Àná mi ń ta aṣọ òkè ní Òjé. Wọ́n gbé ẹtù fún mi kí n fi rán agbádá tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ yìgì èmi àti ọmọ wọn. Mo gé nínú rẹ̀, mo fi rán fìlà, fìlà náà ni mo sì dé lọ́jọ́ yìgì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí, mo tún kọ ìlà mẹ́ta nípa ìyàwó mi, èyí tí ojú ń tì mí láti sọ títí di báyìí.

Ará Ìdí Arẹ̀rẹ̀ kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó fẹ́ ṣí lọ sí Kàlàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sáré fún un ní lẹ́tà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú èmi náà lọ. Ó ní ọkọ̀ ti kún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òkè wà níbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Bàbá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wo? Ó ti ń mì bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ àwọn jagunjagun wa ṣì wà nínú rẹ ni." Wọ́n yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà. "Ó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ."

Mo sáré dé èbúté nítorí lẹ́tà mi. Omi ń wò mí, mò ń wo omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá mi padà. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀jẹ̀ àwọn, ó sì tó àwọn rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ ikú. Nígbà tí mo dé Kàlàbá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi wọ lọ́rì, tí lọ́rì fi bàjẹ́, tí wọ́n fi tún un ṣe, lẹ́tà mi ti ṣáájú mi dé Bẹyẹrúnká tipẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlá, oòrùn mú ganrínganrín. Ìyá kan tó ń ta obì níbẹ̀, tó ti mọ̀ mí láti kékeré, gbójú sókè rí mi. Igbá obì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, obì ń yí lọ sínú gọ́tà. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

"Télọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ rọra. "Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ni, Ìyá. Ẹ kú ọjà o."

"Ilé wo? A ti jẹ sààrà rẹ. Fídáù rẹ kún, mo jẹ ẹran méjì níbẹ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, padà síbi tó o ti ń bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ á ti máa wá ọ."

Kí n tó dáhùn, àwọn èèyàn ti sá fún mi ní àyè tó gbòòrò. N'Íbàdàn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òkú lè lọ máa gbé nílùú mìíràn bí alààyè, kó máa ṣòwò, kó tún láya síbẹ̀. Àkúdàáyà là ń pè é. Wọ́n sì tún mọ̀ pé bí ará ilé rẹ̀ bá rí i, ńṣe ló máa ń pòórá. Nítorí náà gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí kí n pòórá. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Bó o bá jẹ́ èèyàn, sín ká gbọ́!" Mo gbìyànjú. Sísín kò wá.

Èmi nìkan ni mo rìn dé ilé wa, títì mọ́ gaara níwájú mi bíi ti ọba.

Ìyá àgbà ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dàgbà kọjá ẹ̀rù. Wọ́n ní kí n wá, wọ́n sì fi ìka méjì fún etí mi débi pé mo pariwo. "Ó gbóná," wọ́n kígbe sínú ilé. "Òkú kì í gbóná. Ibà ló ní." Wọ́n tú àpò mi, wọ́n rí òkúta òkè oníná, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi họ gìgísẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ojú wọn là. Wọn kò dá a padà fún mi títí wọ́n fi kú.

Baálé ní kí n jókòó sórí ẹní láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wọ sányán náà. N kò lè wo ibi tó mọ.

"Ọwọ́ ta ló kọ lẹ́tà yẹn?" wọ́n ní.

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá."

"Ìyàwó rẹ ló kà á fún wa. Ó ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ìwọ náà mọ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀lé e, kò fo ọ̀kan. Ọ̀sán gbogbo la fi gbọ́ ọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà sọ pé òkè kan ń jó ní Kamerúùnù. A sunkún. A ní ó jalè, àmọ́ ó ti kú. Lọ́jọ́ fídáù, ẹni kọ̀ọ̀kan dìde, ó ní òun foríjì ọ́. Àfáà ṣe àmín sí i." Wọ́n tún agbádá wọn gbé sí èjìká. "Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí o rò ó dáadáa kó o tó dá mi lóhùn. Bó o bá kú, ọ̀rọ̀ rẹ rọrùn, ó ti tán. Bó o bá wà láàyè, òkú la foríjì, a ò foríji alààyè. Èwo ni? Ṣé o kú ni, àbí o wà láàyè?"

Mo rò ó dáadáa. N kò ní í purọ́: fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ṣe mí bíi kí n sọ pé mo kú. Ṣùgbọ́n mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mo rí i pé ààtàn ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà, kò sí bàtà obìnrin níbẹ̀.

"Ìyàwó mi dà?" mo ní.

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Alààyè ni! Òkú kì í béèrè ìyàwó."

Bí mo ṣe di alààyè padà nìyẹn, tí mo sì tún di olè. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá ìyàwó mi ti wá láti Òjé ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ka lẹ́tà, wọ́n mú ọmọ wọn lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní í ṣọ̀fọ̀ olè nínú ilé olè. Bí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ọ̀fọ̀ bá pé, àwọn yóò fi í fún ẹlòmíràn. N kò gbọ́ ìyókù ohun tí wọ́n sọ.

Ti ilé wa kọ́kọ́ yanjú, torí Baálé ní kí wọ́n gbé aṣọ ìbora náà jáde sí ojútáyé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Gbogbo àgbà dúró yí i ká, wọ́n ń na ọ̀pá sí àwọn ohun tó jẹ́ tiwọn.

"Èwo ni tèmi?" Baálé ní.

"Èyí... ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín, Bàbá."

"Ibi ẹsẹ̀? Sányán tí mo fi joyè, ibi ẹsẹ̀ lo tẹ́ ẹ sí?"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni, Bàbá. Tèmi kì í dé ibẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?" Ìyá àgbà béèrè.

"Àárín ni, Ìyá."

"Àárín dára. Àárín máa ń móoru."

Mo rò pé wọn yóò ní kí n tú u. Wọn kò ní kí n tú u. Baálé ní kí n já sányán náà kúrò nísàlẹ̀, kí n rán an sí orí, kí aṣọ náà sì di ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àlejò. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá sùn nílé wa, wọn yóò fi ibi tí aṣọ olúkúlùkù wà hàn án, wọn yóò sì fi èmi náà hàn án.

Òjé ló kù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìsọ̀ àná mi. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń ká aṣọ. Ìgbà kejì, wọ́n dáhùn, gbogbo àwọn aláṣọ tó wà nítòsí sì gbọ́.

"Èmi tí mo ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí ọ! O fi aṣọ mi rán fìlà, o fi fìlà náà gba ọmọ mi, èmi náà tún yìn ọ́ pé fìlà náà bá ojú rẹ mu!"

Àwọn aláṣọ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mo wà láàyè."

"O kọ ọ́ síwèé pé o kú. Ẹnu rẹ ti purọ́ fún mi rí pé ẹtù sún kì nínú omi. Ìwé rẹ ni mo gbà gbọ́. Kó parí ọ̀fọ̀ rẹ̀, màá wá ọkọ tí kì í mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ fún un."

Ìgbà kẹta, n kò dé ìsọ̀ rárá. Mo gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, ẹnì kan sì sọ èèpo ẹ̀pà lù mí láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin òkú yìí, ẹ súnmọ́ ibí."

Ìyàwó mi ni, nínú aṣọ dúdú. Ó rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bẹ lójú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ìparí lẹ́tà náà ló wà lọ́kàn mi. Bó bá ti kà á, a jẹ́ pé ó ti mọ ohun tí mo kọ nípa rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ láti ọ̀run," ó ní. "Ṣé wọ́n ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ níbẹ̀?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ní wọn ò ní í dá ọ padà."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ti mọ̀ láti ọjọ́ yìgì. Bẹ́ ẹ ṣe wọlé tí ẹ dé fìlà yẹn, wọ́n sọ fún ìyá mi létí pé, 'Ẹtù mi ló ń bọ̀ yẹn.' Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Olè kọ́ ló ń dùn wọ́n. Lẹ́tà yín ló ń dùn wọ́n. Gbogbo Òjé ló ń sọ báyìí pé ọmọ télọ̀ kan gé aṣọ mọ́ àgbà aláṣọ lójú, kò sì mọ̀. Àwọn oníbàárà ń bi wọ́n bóyá ojú wọn ṣì ń ríran. Bí wọ́n bá wá sọ nísinsìnyí pé àwọn ti mọ̀, ta ni yóò gbà?"

Mo padà sílé. Bí mo ṣe jẹ́ ojo tó, mo rí i pé èmi ni mo fọ́ ojú àgbàlagbà náà níwájú èèyàn, níwájú èèyàn náà ni mo gbọ́dọ̀ là á padà.

Ọjọ́ ọjà Òjé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn aláṣọ láti Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mo mú àlùmọ́gàjí mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìsọ̀ àná mi.

"Bàbá," mo ní, mo sì gbé ohùn sókè. "Ẹ gbé aṣọ kan fún mi tí wọ́n ti rán ọ̀já rẹ̀ pọ̀. Kí n tó fi irin kàn án, ẹ sọ iye tí yóò ṣẹ́kù lára rẹ̀ fún agbádá tó gba yín. Èmi yóò gé e níwájú gbogbo ayé. Bó bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ, n kò ní í béèrè ọmọ yín mọ́."

"Yé è!" ẹnì kan pariwo. "Olè ń pe ẹlẹ́rìí!"

"Ẹ ṣọ́ apá agbádá rẹ̀ o, ẹ ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀!"

Àná mi wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó yé wọn. Wọ́n rọra fa ẹtù kan yọ láti ìsàlẹ̀ òkìtì aṣọ, wọn kò wọ̀n ọ́n, wọn kò kà á. Wọ́n kàn gbé e lé apá òsì wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ.

"Ìbú ọwọ́ kan àti ìka mẹ́ta," wọ́n ní.

Mo tẹ́ aṣọ sórí ẹní, mo wọ̀n ọ́n, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Bí mo ṣe ń gé e lọ, ọwọ́ mi, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, fẹ́ yà sí apá ọ̀tún fúnra rẹ̀. Mo ní láti fi ọwọ́ kejì dì í mú. Nígbà tí mo gé e tán, mo gbé àgékù náà sókè fún wọn. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ wọn lé e. Wọ́n fi ìka kan kún un. Ìkejì. Ìkẹta bọ́ sí etí aṣọ gẹ́lẹ́.

Ariwo tó sọ, mo rò pé òkè ló tún mì.

"Ẹ wá wò ó!" àná mi ń ké. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mo fọ́jú! Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá ọmọ yìí lọ́jọ́ yìgì gan-an nìyẹn! Mo ní ọwọ́ kan àti ìka mẹ́ta ń bẹ lórí ọkọ ọmọ wa!" Wọ́n yí sí mi, wọ́n ju àgékù náà sí mi láyà. "Gbà á. Gba ẹnu ọ̀nà mú aṣọ jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ayé rẹ. Kó o sì lọ dúró de ìyàwó rẹ nílé, kó bọ́ aṣọ dúdú yẹn kúrò lára, ó ń lé oníbàárà mi."

Ó dé kí oòrùn tó wọ̀, nínú aṣọ àdìrẹ, ó ru àpótí rẹ̀. Ìyá àgbà kí i káàbọ̀, wọn kò dẹ́kun àti máa fi òkúta họ ẹsẹ̀. Ìyàwó mi wọ yàrá, ó gbé ìkòkò èédú sílẹ̀ láti dáná, ó sì yọ lẹ́tà mi láti inú ìgbànú ìró rẹ̀.

"Baálé ní n kò fo ọ̀kan," ó ní. "Mo fo ìlà mẹ́ta." Ó ṣí i, ó fi ìka tẹ̀lé e, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Kí ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi pẹ́ nínú ọ̀fọ̀. Kí ẹ fi í fún àbúrò mi tó ń ta kẹrosíìnì ní Oníyanrìn. Ilé rẹ̀ kì í jò."

N kò rí ibi tí mo lè fi ojú sí.

"Kẹrosíìnì," ó ní. "Ẹ rò pé màá sùn ti kẹrosíìnì?"

"Ìbẹ̀rù ni. Mo ń ro òjò."

"Ká ní mo kà á síta, ilé rẹ̀ ni mi ò bá wà báyìí. Àwọn àgbà ilé yìí kì í kọ ọ̀rọ̀ òkú." Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wọn aṣọ lójú. Lẹ́yìn náà ó ká lẹ́tà náà ní ìlọ́po méjì, ó ṣáná sí i, ó tì í sábẹ́ èédú. Ó fẹ́ ẹ títí iná fi mú, ó sì gbé omi tíì kaná.

Nígbà tí ó bu tèmi fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ife náà mú.